Iyọ̀ Ọwọ́, Iyọ̀ Ẹ̀rọ, àti Ọ̀ràn Ojúlówó

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Gbogbo wa tí a jẹ́ olùkọ́ ni a ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì, tí a sì ń ṣàlàyé fún wọn pé ìbànújẹ́ ni ẹni tí ó pa á fi ń sọ̀rọ̀, pé kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó lọ máa ta èké. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó fara sin sínú òwe náà tí a kì í sábà bèèrè: ta ni ó jẹ̀bi pé òtítọ́ kùtà? Ṣé ẹni tí ó gbé e wá sí ọjà ni, tàbí ẹni tí ó wò ó, tí ó gbọ́ iye rẹ̀, tí ó sì kọjá lọ? Mo fẹ́ kí a fi òwò kékeré kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, èyíinì ni òwò iyọ̀ tí a fi ọwọ́ ṣe ní etíkun. Ìdí tí mo fi yan iyọ̀ ni pé bí a bá ti da á sínú ọbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tọ́ ọ wò tí yóò lè sọ bóyá ọwọ́ ni ó ṣe é tàbí ẹ̀rọ.

Ní Djègbadji, ìletò kan tí ó wà lẹ́bàá ọ̀sà nítòsí ìlú Ouidah ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, àwọn obìnrin ni ó ni iṣẹ́ iyọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí omi ọ̀sà bá fà sẹ́yìn, tí oòrùn sì fa iyọ̀ inú ẹrẹ̀ jáde sí ojú ilẹ̀. Wọn yóò ha ojú ilẹ̀ náà, wọn yóò kó erùpẹ̀ oníyọ̀ jọ, wọn yóò dà á sínú agbọ̀n ńlá tí a gbé ka orí igi, wọn yóò sì máa bu omi ọ̀sà lé e lórí. Omi náà yóò máa gba inú erùpẹ̀ kọjá, yóò máa gba iyọ̀ tí ó bá pàdé níbẹ̀ mọ́ra, yóò sì máa ro tótó sínú ìkòkò nísàlẹ̀. Ohun tí ó bá kán sínú ìkòkò náà kì í ṣe omi ọ̀sà lásán mọ́. Bí iṣẹ́ náà bá yọrí, ó lè le débi pé ẹyin tútù kò ní rì nínú rẹ̀. Èyí ni wọn yóò gbé ka iná títí omi yóò fi gbẹ, tí iyọ̀ yóò sì funfun báláú nísàlẹ̀ agbada. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kó o sínú agbọ̀n mìíràn kí omi kíkorò tí ó kù lára rẹ̀ lè ro dànù.

Ẹ má ṣe rò pé làálàá lásán ni erùpẹ̀ híha yìí. Nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ ni ó wà nínú lítà omi òkun kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ se kílógíráàmù iyọ̀ kan láti inú omi òkun tí a kò sẹ́ ní láti fi iná gbẹ nǹkan bí lítà 28. Ṣùgbọ́n bí omi tí a sẹ́ bá ní gíráàmù 200 nínú lítà kan, nǹkan bí lítà 5 péré ni iná yóò gbẹ. Igi ìdáná ni gbogbo ìyàtọ̀ náà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dá ọgbọ́n yìí kò fi gègé kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìṣirò ni. Ní etíkun tiwa náà, àwọn Ìlàjẹ a máa se iyọ̀ láyé àtijọ́, kí iyọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọkọ̀ ń kó láti Liverpool tó gba ọjà mọ́ àwọn aṣeyọ̀ etíkun lọ́wọ́.

Lónìí, iyọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó kún ọjà, owó pọ́ọ́kú sì ni a ń tà á. Ẹni tí ń ta iyọ̀ ọwọ́ gbọ́dọ̀ gbé owó lé tirẹ̀ kí ó tó lè rí oúnjẹ jẹ nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdẹwò ti ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé ẹnìkan ra àpò iyọ̀ ẹ̀rọ, ó dà á sínú agbọ̀n, ó fi ewé bò ó, ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì ń pè é ní iyọ̀ ọwọ́. Olùrà dé, ó san owó lé owó, ó fi se ọbẹ̀, ọbẹ̀ sì dùn. Kò mọ̀, kò sì ní mọ̀ láéláé. Kí ni a jí níbẹ̀?

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu ni pé òógùn ni a ń san owó fún, àti pé ayédèrú ènìyàn yìí gba owó òógùn tí kò kán lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró. Bí ó bá jẹ́ pé òógùn ni ó ń bí iye owó, a jẹ́ pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ni yóò máa jèrè jù, nítorí pé òpè a máa làágùn ju ọ̀jáfáfá lọ lórí iṣẹ́ kan náà. Obìnrin tí kò sẹ́ omi rẹ̀, tí ó jó igi tí ó lé ní ìlọ́po márùn-ún ti ẹnìkejì rẹ̀, òun ni ì bá máa gba owó tí ó ga jù. Ta ni yóò gba èyí? Olùrà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè òógùn. Ẹni tí ó bá dá ènìyàn dúró lọ́nà tí ó ní, "Mo ti jìyà, nítorí náà sanwó," alágbe ni, kì í ṣe oníṣòwò.

Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ka ìwé kẹ́mísírì, yóò sọ pé a kò jí nǹkan kan rárá: iyọ̀ ni èyí, iyọ̀ ni ìyẹn, ẹni tí ó ra adùn, adùn ni ó rí gbà. Èyí ṣòro láti dá lóhùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e yẹ̀ wò báyìí. Ọmọ kan wà ní ìdálẹ̀. Ẹnìkan ti ilé dé, ó ní, "Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n ní ọkàn àwọn wà lọ́dọ̀ rẹ." Inú ọmọ náà dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá kò rán an. Oúnjẹ alẹ́ ni onítọ̀hún ń wá. Etí ọmọ náà kò lè mọ ìyàtọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, adùn kan náà ni. Síbẹ̀, ta ni nínú wa tí yóò sọ pé a kò ṣe é ní ibi? Kì í ṣe ìró ohùn ni ọmọ náà gbà sínú ọkàn, bí kò ṣe ẹni tí ó rò pé ó rán ìró náà wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ẹni tí ó san owó lé owó nítorí iyọ̀ ọwọ́. Ohun méjì ni ó rà: iyọ̀, àti ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó bá iyọ̀ náà wá. Iyọ̀ pé, ọ̀rọ̀ kò pé. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta, tí aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní àwòrán àdìrẹ ń bá du ọjà, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Yorùbá kò bèèrè bóyá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lẹ́wà tàbí kò lẹ́wà kí wọ́n tó pè é ní ayédèrú. Bí a bá sì tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, "ayé" àti "èrú" ni a ń gbọ́ nínú rẹ̀, àfi bí ẹni pé kì í ṣe ọjà nìkan ni ó bàjẹ́, bí kò ṣe ayé tí olùtà àti olùrà jọ ń gbé.

Níbi tí òfin ti múlẹ̀, ìwé ni a fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yìí. Ní Guérande, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, àwọn aṣeyọ̀ kì í dáná. Wọn a máa darí omi òkun sínú àwọn adágún amọ̀ tí kò jìn, oòrùn àti afẹ́fẹ́ yóò gbẹ ẹ, wọn yóò sì fi ọwọ́ wọ́ iyọ̀ jọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní 1988. Ní 2012, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ iyọ̀ wọn. Iye rẹ̀ ga ju ti iyọ̀ ẹ̀rọ lọ fíìfíì, a sì ń rà á. Obìnrin tí ó jókòó ti agbọ̀n rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le jù nìyí, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yin iyọ̀ ọwọ́ kì í sì í dé ibẹ̀. Ojúlówó pàápàá ní ohun méjì tí kì í fẹ́ sọ. Ọ̀kan ni igi. Igi ẹ̀gbà, èyí tí ń fi gbòǹgbò dúró nínú omi ẹrẹ̀ bí ẹni tí ó gun àgéré, ni ó sún mọ́ ibi ìdáná iyọ̀ jù, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gé e. Abẹ́ gbòǹgbò wọ̀nyí ni ọmọ ẹja àti akàn ń sá sí kí wọ́n tó dàgbà. Níbi tí a bá ti gé e tán, apẹja ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Iyọ̀ tí ìyàwó sè lè gba ẹja kúrò nínú àwọ̀n ọkọ.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Àwọn ènìyàn rò pé níwọ̀n ìgbà tí iyọ̀ ti inú òkun wá, áyódíìnì kò lè ṣàìsí nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ń ṣẹ́kù nínú iyọ̀ òkun kò tó nǹkan. Àìtó áyódíìnì sì ni ó ń fa gẹ̀gẹ̀ sí ọrùn àgbà, òun ni kì í jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ inú oyún dàgbà bí ó ti yẹ. Nítorí èyí ni ìjọba Nàìjíríà fi pàṣẹ ní 1993 pé kí a máa fi í sínú iyọ̀ jíjẹ. Níbi tí ènìyàn bá ń jẹ gíráàmù 5 sí 10 iyọ̀ lóòjọ́, nǹkan bí mílígíráàmù 20 sí 40 áyódíìnì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fẹ́ kí ó wà nínú kílógíráàmù iyọ̀ kan. Àwa tí a ń fi iyọ̀ kan ọmọ tuntun lẹ́nu ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹ kí a rántí pé iyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ náà fún oṣù mẹ́sàn-án kí ó tó di ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá wo ìdààmú tí èyí kó wa sí. Aboyún tí a tàn jẹ, tí ó ra iyọ̀ ẹ̀rọ ní orúkọ iyọ̀ ọwọ́, rí áyódíìnì jẹ. Èyí tí ó ra ojúlówó kò rí i jẹ. Òpùrọ́ ṣe é lóore, olóòótọ́ pa á lára. Ǹjẹ́ kí a wá máa yin òpùrọ́? Rárá o, oore tí ènìyàn ṣèèṣì ṣe kò sí lára ìwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tètè gbé olóòótọ́ wa gun ẹṣin. Ẹni tí ó sọ pé, "Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é," òótọ́ ni ó sọ. Bí ó bá mọ̀ pé áyódíìnì kò sí nínú rẹ̀ tí ó sì dákẹ́, ó ti fi òótọ́ kan bo òmíràn mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé àtúnṣe kò sí. A lè tẹ́ tapólì sílẹ̀, kí a da omi tí a sẹ́ lé e, kí oòrùn gbẹ ẹ láìjó igi rárá. Wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Guinea àti ní Bẹ̀nẹ̀. A lè wọ́n áyódíìnì sí iyọ̀ gbígbẹ kí a sì pò ó pọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n owó ni tapólì, owó ni áyódíìnì, àkókò tí a fi ń dúró de oòrùn náà, owó ni. Ní tèmi, ohun tí owó tí ó lé lórí iyọ̀ ọwọ́ wà fún nìyí. Kì í ṣe owó òógùn. Owó igi tí a kò gé ni, owó iyọ̀ ẹ̀rọ tí a kò dà mọ́ ọn, àti owó ọpọlọ ọmọ tí a kò ní rí. Ahọ́n kò lè tọ́ ọ̀kankan nínú wọn wò. Ó rọrùn fún ará ìlú ńlá láti bu ẹnu àtẹ́ lu obìnrin tí ń gé ẹ̀gbà. Ẹni kan náà ni yóò ná iyọ̀ obìnrin náà títí yóò fi já a sí iye iyọ̀ ẹ̀rọ. Kí ni ó fẹ́ kí ó fi ra tapólì?

Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé obìnrin kan wà tí ó sọ gbogbo rẹ̀ tán: "Ìyá mi, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe eléyìí, oòrùn ni ó gbẹ ẹ, mo ti wọ́n oògùn gẹ̀gẹ̀ sí i; ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi ju ti inú ọ̀rá lọ." Olùrà gbọ́, ó tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ náà ni iyọ̀ ń jẹ́, ó sì yà sọ́dọ̀ ẹnìkejì tí kò sọ nǹkan kan, tí agbọ̀n rẹ̀ dára, tí owó tirẹ̀ sì wálẹ̀. Bí a bá sọ fún un lọ́la pé inú àpò ilé-iṣẹ́ ni èyí tí ó rà ti wá, yóò pariwo olè. Nígbà náà, obìnrin àkọ́kọ́ yóò ti gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ sílé.