Èérí Òtítọ́ àti Èérí Ẹ̀tàn

Ìbéèrè àtijọ́ ni ìbéèrè nípa ẹ̀dà. Bí ènìyàn bá ṣe ohun kan ní àwòrán ohun mìíràn, gbèsè wo ni ó jẹ òtítọ́? Ìdí ère ńlá àti àwòrán olókìkí ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń lọ láti wá ìdáhùn. Síbẹ̀, ìbéèrè yìí hàn kedere nínú ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ohun ìṣeré lásán, èyíinì ni ẹ̀dà kékeré ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin. Àgbàlagbà pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Wọn a ra ẹ̀dà tí ilé iṣẹ́ ti ṣe, wọn a sì fi ọwọ́ ara wọn fi àwọn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ín kún un, títí yóò fi jọ ẹ́ńjìnnì kan pàtó ní ìgbà kan pàtó.

Ọ̀rọ̀ ìgbà yìí ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Flying Scotsman ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú Doncaster ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ọdún 1923. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 1472 ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó di 4472 ní ọdún 1924, ó ń jẹ́ 103 nígbà tí ọdún 1946 fi parí, ó sì di 60103 ní ọdún 1948. Ní ọdún 1959 ni wọ́n fi ọ̀nà èéfín méjì rọ́pò ẹyọ kan tí ó ní. Ní ìparí ọdún 1961 ni wọ́n de irin pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, kí èéfín má baà bo awakọ̀ lójú. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1963 ni wọ́n mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó kù kí ó sọ ti ìgbà wo.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀gbẹ̀rì kan nídìí iṣẹ́ yìí, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún 1962 ni ó yàn, nítorí pé ọdún náà ni bàbá rẹ̀ mú un lọ wo ẹ́ńjìnnì náà tí ó ń kọjá. Ẹ̀dà àlòkù ni ó rà, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 28 lọ. Irin ìdìmú tí ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ti ṣẹ́, kò sí àtùpà níwájú rẹ̀, ike dúdú ni wọ́n sì fi ṣe èédú rẹ̀. Ọ̀gbẹ̀rì náà ra wáyà idẹ tí kò nípọn tó ìdajì mìlímítà, ó sì fi irin ìluhò tí a ń fi ìka yí lu ihò sí i. Ó fọ́ ojúlówó èédú sí wẹ́wẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ bo ike náà. Àtùpà méjì ni ó fi síwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nítorí ó ti kà á pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń dá ọkọ̀ èrò ayára-bí-àṣá mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ó fi sí ìdí ọ̀nà èéfín, ọkọ̀ èrò tí kò yára ni àtùpà náà ì bá máa kéde.

Ìdí gúlù ni wàhálà ti dé. Súpágúlù tí ó fi lẹ wáyà náà ti pọ̀ jù. Bí ó ti ń gbẹ ni ooru rẹ̀ ń fi funfun bí ìrì bo ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí ó yí i ká. Ó nù ún, kò lọ. Ìtìjú mú un. Ó wá rántí pé àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí a máa fi èérí sára ẹ̀dà wọn: wọn a fi ọ̀dà tí wọ́n ti là kí ó ṣàn kùn ún, wọn a sì fi aṣọ nù ún, kí ìwọ̀nba díẹ̀ lè kù sí kọ̀rọ̀. Òun náà kùn ún, ó nù ún. Funfun náà dínkù, ṣùgbọ́n kò tán.

Nígbà tí ó gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ síbi ìpàtẹ kan, ọ̀gá kan tẹjú mọ́ ọn, ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wo bí ẹ ti ṣe ipa omi yìí! Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í rántí rẹ̀.” Òtítọ́ ni pé omi tí ó ní ẹfun nínú a máa jò lára ẹ́ńjìnnì tí ń lo ooru omi, a sì máa fi ipa funfun sílẹ̀ bí ó bá gbẹ. Ọ̀gbẹ̀rì náà kò fèsì. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ǹjẹ́ ó purọ́?

Àwọn kan yóò ní kò purọ́. Kò sọ ohunkóhun, kò sì gba owó ẹnikẹ́ni. Wọn yóò fi kún un pé gbogbo iṣẹ́ náà kò tọ́ láti ìpìlẹ̀. Nínú ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní OO, tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mìlímítà 4 ni ó dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ojú irin gidi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8½, mìlímítà 18.83 ni ó yẹ kí ti ẹ̀dà jẹ́. Ṣùgbọ́n mìlímítà 16.5 ni wọ́n ń lò. Ìdí ni pé ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré lára ju ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù yòókù lọ, mọ́tò iná ayé ìgbà náà kò sì fẹ́ wọ inú ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n mú ara ẹ́ńjìnnì tóbi sí i, wọ́n sì fi ojú irin sílẹ̀ bí ó ti wà. Bí ìpìlẹ̀ bá wọ́ báyìí, kí ni ti funfun gúlù?

Àwíjàre yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó pa ohun méjì pọ̀: àìpé àti ẹ̀tàn. Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá mọ ìyàtọ̀ wọn tipẹ́. Nínú ìwádìí tí Robert Farris Thompson ṣe lórí bí àwọn Yorùbá ti ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà, jíjọra wà lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ère: kí ó jọ ọ́, kí ó má sì jọ ọ́ jù. Ère ìbejì tí a gbẹ́ nítorí ọmọ ọwọ́ tí ó kú a máa ní ìrísí àgbà. Ìyá ọmọ kì í fi ẹ̀sùn irọ́ kan agbẹ́gilére, nítorí pé ẹni tí ó gbẹ́ ẹ àti ẹni tí ó gbà á ni wọ́n jọ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ti mìlímítà 16.5. Àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n; àwọn tí kò sì fara mọ́ ọn ti ń ṣe ojú irin oní-18.83 fún ara wọn. Àìpé tí tọ̀tún-tòsì mọ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ohun tí ẹnì kan nìkan mọ̀, tí ó sì ń jẹ èrè àìmọ̀ ẹlòmíràn lórí rẹ̀, òun ni ẹ̀tàn.

Ọ̀rọ̀ èérí pàápàá kò yàtọ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá fi èérí sára ẹ̀dà, ìtàn iṣẹ́ ni ó ń sọ: ibi tí èéfín bà lé, ibi tí òróró kán sí, ibi tí ọwọ́ awakọ̀ ti dì mú títí ó fi ń dán. Èérí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ti ọ̀gbẹ̀rì wa ń pa ẹ̀rí rẹ́. Ọ̀dà kan náà ni, búrọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tí ó di búrọ́ọ̀ṣì mú nìkan ni ó mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, a lè ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ìpàtẹ tó túká, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ wá bá ọkùnrin náà. “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, báwo ni ẹ ti ṣe funfun yìí?” Níhìn-ín ni ohun kékeré ti di ńlá. Bí ó bá hùmọ̀ ọgbọ́n kan fún un, ọmọ náà yóò lọ sílé, yóò gbìyànjú rẹ̀, kò ní rí i ṣe, yóò sì rò pé ọwọ́ òun ni kò dára. Irọ́ tí a pa fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tí ó pa á; akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń san gbèsè rẹ̀. Olùkọ́ ni ọkùnrin náà, ó sì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

“Gúlù ni ó bà á jẹ́,” ni ó wí. “Mo fẹ́ fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀ ni. Tí o bá ń ṣe tìrẹ, orí abẹ́rẹ́ ni kí o fi mú gúlù, má jẹ́ kí ó pọ̀.” Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá tí ó yìn ín, ó sì sọ ọ́ fún un pẹ̀lú.

Funfun náà ṣì wà lára ẹ́ńjìnnì náà. Kò sí ohun tí ó yí padà lára rẹ̀, àfi pé ènìyàn mẹ́ta ni ó mọ ohun tí ó jẹ́ nísinsìnyí. Ohun tí ó sọ ẹ̀tàn di àìpé lásán kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.