Ọ̀rọ̀ Burúkú Tòun Tẹ̀rín: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Á Máa Jó sí Orin Ìyà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Òwe yìí fi ìbéèrè kan pamọ́ sínú: ta ni ó ni ẹkún náà, ta sì ni ó ń rín ẹ̀rín? Bí ẹni tí ìyà jẹ bá sọ ìyà rẹ̀ di orin, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n àwa tí ìyà náà kò jẹ, tí a kàn wá sí agbo láti gbádùn ara wa, ǹjẹ́ ó tọ́ kí á máa jó sí i?

Kirikiri, nítòsí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ni ìbéèrè yìí ti bá mi, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀pẹ. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń ṣe àríyá òpin ọdún. Wọ́n ti dí ojú títì, wọ́n sì to àga. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọrin nípa ẹni tí wọ́n kó lóru, tí ó di èrò ẹ̀wọ̀n láìmọ ohun tí ó ṣe. Ìlù dùn, a jó, a sì ná akọrin lówó. Nígbà náà ni mo rí ìyá àgbàlagbà kan lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé kúlà oúnjẹ tí ó ti ṣófo lé itan. Ó ti lọ wo ọmọ rẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì ń dúró kí ọkọ̀ tó rí ọ̀nà kọjá. Mo kí i, mo bi í bóyá ariwo wa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní, "Rárá o, ọmọ mi. Orin náà dùn. Ẹni tí ẹ ń fi ìyà rẹ̀ kọ ọ́ nìkan ni kò sí níbí." N kò lè padà sínú agbo mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Bí a bá dárúkọ Kirikiri ní ibikíbi ní Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ni ó ń wá sí ọkàn ènìyàn. Ní 2019, ìjọba yí orúkọ àjọ tí ó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n padà, wọ́n ní iṣẹ́ àtúnṣe ìwà ni yóò máa ṣe. Síbẹ̀, ju ìdajì àwọn tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n orílẹ̀-èdè yìí ni a kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Ní Ajégúnlẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ bíi Daddy Showkey ti gbé orin àti ijó gàlálà jáde láàárín 1990 sí 1999. Ìgbé ayé mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń kọ lórin, olówó àti tálákà sì jọ jó sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn aláwọ̀ dúdú gúúsù Amẹ́ríkà, ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà, ni ó dá orin búlúùsì sílẹ̀ lẹ́yìn tí òwò ẹrú àti ìsìnrú ti dópin níbẹ̀ ní 1865. Ìyà oko òwú, ìyà àìlówó àti ìyà ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀. Lónìí, àwọn ìlú kéékèèké etí odò Mississippi ń fi orin náà ṣọdún. Ní Helena, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, láti 1986 ni ọdún búlúùsì ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èrò sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbádùn ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹlẹ́wọ̀n méjì tí orin wọn jáde lọ sí ayé. Ní 1933, John Lomax, ẹni tí ó ń kó orin ìbílẹ̀ jọ, bá Huddie Ledbetter, tí a mọ̀ sí Lead Belly, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Angola ní Louisiana, ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin náà jáde ní 1934. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù kan ní 1935, wọ́n tún wọ aṣọ ẹ̀wọ̀n fún un kí àwọn òǹwòran lè gbádùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó sì dá òun àti Lomax níyà. Ó kú ní 1949. Ní 1950, àwọn olórin mìíràn kọ "Goodnight, Irene" tí a ti ẹnu rẹ̀ gbọ́, orin náà sì gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Ọ̀bọ ṣiṣẹ́, ìnàkí jẹ.

Ẹnì kejì ni James Carter. Ní 1959, Alan, ọmọ Lomax, gba ohùn òun àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Mississippi bí wọ́n ti ń la igi. Ní 2000, orin náà wọ inú sinimá kan, àwo orin sinimá náà sì tà ní mílíọ̀nù. Àwọn tí ó ń bójú tó iṣẹ́ Alan Lomax wá Carter kiri títí wọ́n fi rí i ní Chicago. Ní 2002, wọ́n fún un ní $20,000. Bàbá náà kò tilẹ̀ rántí mọ́ pé òun kọ irú orin bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí ó ni orin ti gbàgbé. Àwọn tí ó jẹ gbèsè ni ó rántí.

Ẹnìkan lè sọ pé kí á má jó rárá nígbà náà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tí ìyà ń jẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ dùn, bí a bá sì kọ̀ láti gbọ́ ọ, a tún fi ìyà mìíràn kún ìyà rẹ̀. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, bí a kò bá mọ ẹni tí ó ni orin, ta ni a ó san gbèsè fún? Èyí ni ó le jù. Èrò tèmi ni pé, bí a kò bá rí òun fúnra rẹ̀, ẹni tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ń jẹ kì í jìnnà sí wa. Ní Kirikiri, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo.

Àwọn baba wa ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ìyàwó tí ń sun ẹkún ìyàwó ní agbègbè Ọ̀yọ́ kì í sun ún lásán: ẹni tí ó bá gbọ́ ọ á ṣàdúrà fún un, á sì ta á lọ́rẹ. Àwọn ọdẹ tí ń sun ìrèmọ̀jé a máa dárúkọ ọdẹ tí ó kú àti orírun rẹ̀. Ìṣeré ni, ó sì dùn létí. Síbẹ̀ olóhun kò sọnù nínú ohun rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ ńkọ́? À ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti tọ́ka sí àwítúnwí àti àfiwé nínú ẹkún ìyàwó kí wọ́n lè yege nínú ìdánwò. Mélòó nínú wa ni ó ń bi wọ́n léèrè pé kí ni ó ń pa ìyàwó náà lẹ́kún?

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ijó kò burú. Ìgbàgbé ni ó burú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá ìyá gbé kúlà rẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ wà. Ohun kékeré ni, kò sì tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó ti ń wọkọ̀, ó sọ orúkọ ọmọ náà fún mi, ó sì ní kí n máa fi í sínú àdúrà. Ìlù ṣì ń dún lẹ́yìn wa, ó sì ṣì dùn; ṣùgbọ́n mo ti mọ orúkọ ẹnì kan tí orin náà ń bá wí.