Ṣé Bíbo Ẹ̀ṣẹ̀ Mọ́lẹ̀ Ni Kí A Wá Lọ́yà fún Ọmọ?

Ìbéèrè kan máa ń yọjú láàrin wa ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré nígbà tí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ẹnìkan fún ìgbà àkọ́kọ́: ṣé ó yẹ kí onígbàgbọ́ lọ wá lọ́yà? Àwọn kan ní bí ọmọ náà kò bá jẹ̀bi, òtítọ́ yóò gbà á sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ̀bi, lọ́yà yóò kàn bá a bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Lójú tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Olùfisùn ti sọ tirẹ̀, ọlọ́pàá sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ni yóò sọ ti ọmọ tí kò dé kóòtù rí, tí ẹ̀rù ń bà? Pọ́ọ̀lù pàápàá kò dákẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ Róòmù ni òun.

Ohun tí àwa ìyá sábà máa ń ṣe ni pé a ó sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, a ó kúnlẹ̀ fún olùfisùn, a ó máa wí pé, "Ẹ dárí jì í, iṣẹ́ èṣù ni." Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ yẹn ti dá ọmọ lẹ́bi kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ rọ ọmọ pé kí ó gbà pé òun ṣe ohun tí kò ṣe, kí wọ́n lè tètè fi í sílẹ̀. Ìwé tí ó fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà ni wọn yóò kà sí i létí ní kóòtù.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé ó jẹ̀bi. Ó lè dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà, tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn, sọ̀rọ̀. Bí kóòtù kò bá jìnnà ju kìlómítà 40 lọ, láàrin ọjọ́ kan ni kí wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́, àfi bí ẹ̀sùn náà bá la ikú lọ. Agbègbè wa yìí kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí Adó-Èkìtì. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká owó lọ́yà lè tọ Legal Aid Council lọ, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976 fún àwọn tí kò lówó. Béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá kì í ṣe títà. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, sì sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní oníduúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

Bí ọmọ bá jẹ̀bi ńkọ́? A kò gbọdọ̀ bá a parọ́, a kò sì gbọdọ̀ wá ẹlẹ́rìí èké. Síbẹ̀ lọ́yà lè jẹ́ kí adájọ́ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, kí ìyà má baà ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé wọ́n mú ọmọ ọ̀kan nínú wa, kí a má ṣe kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a bá ìyá rẹ̀ wá ẹni tí yóò dúró ti ọmọ náà. Iṣẹ́ adájọ́ ni ìdájọ́.