Ṣé Ìfẹ́ Eré Ń Sọni Di Ẹrú?

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ràn nǹkan, ṣé ẹ di ẹrú àwọn tó ni ín? Ẹ wo Harold Larwood, ọmọ awa-èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí òun náà wọ kòtò èédú. Kò fi eré sílẹ̀. Ó di ajubọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Àwọn ọlọ́lá ló ń ṣe olórí eré nígbà náà. Ní 1932 sí 1933, ọ̀gá wọn, Jardine, ní kí ó máa ju bọ́ọ̀lù sí ara àwọn ará Ọsirélíà. Ó jù ú. Ìjà dé. Wọ́n wá ní kí Larwood tọrọ àforíjì. Larwood kọ̀: ṣebí àṣẹ ọ̀gá lòun tẹ̀lé! Kò gbá eré fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́.

Lójú tèmi, ó ṣe dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bi kò sí lọ́rùn Jardine nìkan. Ní 1950, ó kó ìdílé rẹ̀ lọ gbé ní Ọsirélíà. Àwọn tó ju bọ́ọ̀lù lù ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.