Ta Ló Ni Ìsinmi Ọmọ?

Ní Amẹ́ríkà, bí ìyá tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ bá fẹ́ kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ṣé ó tọ́ kí ó mú ọmọ lọ? Ní 1996, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York sọ pé ohun tí yóò ṣe ọmọ láǹfààní jù ni kí adájọ́ gbé ka iwájú. Bí adájọ́ bá gbà fún ìyá, ó lè fún bàbá ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ.

Àwọn kan rò pé gbèsè tí ìyá jẹ bàbá ni a fi ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí san. Rárá o. Ọmọ ló ni ìsinmi. Àwọn àgbà ní ìyá ni wúrà, bàbá ni jígí. Ẹni tó bá gbé jígí síbi tí ọmọ kò lè dé, ọmọ gan-an ló rẹ́ jẹ. Nítorí náà, ẹni tó kó lọ ló yẹ kó kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí ọmọ yóò fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Bàbá náà kò sì gbọdọ̀ lo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn láti sọ̀rọ̀ ìyá láìdára létí ọmọ. Wúrà ọmọ ló ń bà jẹ́.