Ọ̀nà Ta Ni À Ń Tọ́ Ọmọ Sí?

ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Ẹ ka: Òwe 22:6, 1 Sámúẹ́lì 16 àti 17

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń ka èyí, kí omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ ṣì wà lórí iná, kí àwọn fúnra wọn sì máa sùn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ wọn la fẹ́ sọ.

Ẹsẹ tó wà nínú ìwé Òwe yẹn, kò sí òbí inú ìjọ tí kò mọ̀ ọ́n lórí. A máa ń kà á níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń kà á níbi ìkórè àwọn ọmọdé, bí ọmọ bá sì ṣe ohun tó dùn wá, a tún máa ń kà á sí i létí. Ohun tí a gbà pé ó ń sọ ni pé kí òbí gbé ọmọ sí ojú ọ̀nà tó dára, kó má ṣe jẹ́ kó yà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ èdè Hébérù sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká tún wò: ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an ni pé kí a tọ́ ọmọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀nà ọmọ náà. Àwọn kan ní ọ̀nà tó yẹ kó tọ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀nà tí a dá mọ́ ọn ni, ìwà àti ẹ̀bùn tó gbé wá sáyé. Mi ò ní bá àwọn onímọ̀ jà lórí ìyẹn. Èyí tó mú mi ronú ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n túmọ̀ sí “tọ́” yẹn, òun kan náà ni wọ́n lò fún ṣíṣí ilé tuntun nínú Deutarónómì 20:5, òun náà ni wọ́n lò fún ìyàsímímọ́ tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì. Ẹni tó fẹ́ ṣílé ti gbà pé ilé wà nílẹ̀. Ẹlòmíì ló kọ́ ọ. Tiwa ni ká ṣí ilẹ̀kùn, ká wọlé, ká wo iye yàrá tó wà níbẹ̀.

Èmi ìyá yín kò wo yàrá kankan nígbà tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin kan wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, à ń sin adìyẹ mẹ́fà lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ kan mo ń yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò, mo rí i pé láti àárín ìwé lọ sẹ́yìn, kò sí iṣẹ́ ilé ìwé níbẹ̀ mọ́. Adìyẹ ló kún ibẹ̀. Ó ti sọ gbogbo wọn lórúkọ. Ó pín ojú ìwé sí méjì, ó kọ ọjọ́ sí apá kan, ó kọ èyí tó yé àti èyí tí kò yé sí apá kejì, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, torí kò tíì mọ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi kọ ọ́. Èyí tó sàba nínú wọn, ó kọ iye ẹyin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó wá ń fa ìlà kékeré kan sí i lójoojúmọ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo rí ni owó ìwé, àti ipò kẹtàlélógún tó gbé wálé ní sáà tó ṣáájú. Mo ní, “Ìwé tí mo fowó rà, adìyẹ lo kọ kún inú ẹ̀? Ẹni tó gbé ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?” Mo fa àwọn ojú ìwé náà ya, mo fi dáná. Mo nà án pẹ̀lú, kí n má purọ́. Kò sunkún púpọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti jókòó ti ìwé. Mo wá olùkọ́ lẹ́sìnnì fún un, ipò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo dúró níwájú ìjọ mo jẹ́rìí oore Olúwa, gbogbo ìjọ sì bá mi pàtẹ́wọ́.

Ó ka ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì. Èmi ni mo yàn án fún un. Báǹkì ló ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Ní Kérésìmesì tó kọjá, a jọ ń ja ẹ̀fọ́ ní kíṣìnnì, mo bi í pé kí ló dé tí kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ó ní, “Mọ́mì, mo kàn ń ṣe é ni.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. “Ẹ rántí ìwé adìyẹ mi? Wọ́n ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ladìyẹ fi ń sàba. Mi ò gbà wọ́n gbọ́, mo fẹ́ kà á fúnra mi. Ọjọ́ kejìdínlógún lẹ ya á. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.”

Mo bi í pé ṣebí adìyẹ náà ṣì wà níbẹ̀, ṣé kò rí i nígbà tó pamọ ni? Ó ní òun kò lọ síbẹ̀ mọ́.

Ó ti lé ní ogún ọdún o.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, tàbí kí ẹ tó dá mi láre, ẹ gbọ́ èyí náà: owó báǹkì yẹn ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lóṣooṣù. Ká ní mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ rẹ̀, ṣé yóò jẹun? Ó lè di dókítà ẹranko. Ó sì lè máa ta ẹyin lẹ́bàá títì. (Ẹ má fojú di ẹlẹ́yin o. Mo mọ àwọn tó fi ẹyin kọ́lé.) Bàbá kan nínú ìjọ sọ fún mi lẹ́yìn ìpàdé àwọn òbí pé, “Màmá, ẹ̀bùn kì í san owó ilé.” Ọ̀rọ̀ gidi lọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ aláró wọ ilé ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba ibẹ̀ jáde nínú ìṣẹ́. Ìwé ni àkàbà tí a fi gòkè. Kò yà mí lẹ́nu pé a di àkàbà náà mú débi pé a kò fẹ́ kí ọmọ wo ẹ̀gbẹ́. Ìbẹ̀rù ló ń bá wa tọ́mọ, ìfẹ́ sì wà nínú ìbẹ̀rù náà, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Jésè ará Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ó mú ọmọkùnrin méje kọjá níwájú Sámúẹ́lì, kò ranṣẹ́ pe Dáfídì. Bíbélì kò sọ pé ó kórìíra rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfòróró-yàn kò kan ọmọ tó ń da ẹran. Àfìgbà tí Sámúẹ́lì bi í bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ti tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí àbíkẹ́yìn. Nínú orí kan náà, nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó mọ dùùrù ta fún ọba, ta ló dárúkọ Dáfídì? Ìránṣẹ́ kan ní ààfin Sọ́ọ̀lù ni. Òun ló mọ̀ pé ọmọ Jésè kan wà tó mọ dùùrù ta, tó láyà, tó gbọ́n lẹ́nu. Ará òde rí ohun tí wọn kò kà sí nílé. Ẹ lọ bi olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ọmọ yín léèrè irú ẹni tí ọmọ náà jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹnu lè yà yín.

Nínú orí kẹtàdínlógún, Sọ́ọ̀lù gbé ìhámọ́ra ara rẹ̀ wọ Dáfídì: àṣíborí idẹ, ẹ̀wù irin, idà. Ìhámọ́ra tòótọ́ ni, ti ọba. Kò fi ṣe ibi sí i. Ohun tó ń dáàbò bo òun fúnra rẹ̀ lójú ogun ló bọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, kó má baà kú. Dáfídì gbìyànjú, kò lè fi rìn. Ohun tí mo máa ń dúró lé nínú ìtàn yẹn nísinsìnyí ni pé nígbà tí ọmọ náà sọ pé òun kò lè fi rìn, Sọ́ọ̀lù, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe rẹ̀, jẹ́ kó bọ́ ọ. Èmi kò jẹ́ kí tèmi bọ́ ọ.

Ìdí kan tí ojú wa fi ń fọ́ sí ẹ̀bùn ọmọ ni pé ibì kan ṣoṣo la ti ń wá a: ìwé èsì ìdánwò. Ní 1985, àwọn olùwádìí kan ní ìlú Recife, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tó ń bá òbí wọn tajà lójú pópó. Wọ́n lọ bá wọn nídìí ọjà bí oníbàárà, wọ́n ní kí wọ́n ṣírò iye owó àgbọn báyìí, kí wọ́n ṣírò ṣéńjì. Ohun tí àwọn ọmọ náà gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, 98 nínú 100. Nígbà tó yá, wọ́n fi irú ìṣirò kan náà sórí bébà, wọ́n fún wọn ní pẹ́ńsù, ó di nǹkan bíi 37. Ọmọ márùn-ún péré ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, ẹ má sọ pé mo bù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra ata lọ́wọ́ ọmọ kékeré ní Bódìjà rí mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo ní kíláàsì, ẹ yọ náírà márùn-ún nínú ṣéńjì tó yẹ kó fún yín, kí ẹ wò ó. (Mi ò ní kẹ́ni kankan rán ọmọ lọ kiri ọjà o. Kò sí níbẹ̀.)

Nílé wa níbí náà, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen’s ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Fún odidi ọdún mẹ́fà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì, ní gbogbo ẹ̀kọ́ tó kù. Gẹ̀ẹ́sì ní olùkọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ti yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì gbẹ́yìn lẹ́nu wọn. Ọmọ tó bá lè fi èdè ìyá rẹ̀ béèrè pé kí ló dé, yóò béèrè. Èyí tí wọ́n bá ń sọ fún pé kó lọ wá Gẹ̀ẹ́sì ìbéèrè náà ná, yóò gbé ìbéèrè mì. Ọ̀pọ̀ ilé wa lónìí, à ń lé Yorùbá jáde ní pálọ̀, a wá ń ṣe kàyéfì pé ọmọ kì í bá wa sọ̀rọ̀.

Ẹ má gbọ́ mi sódì. Mi ò ní kí ọmọ máa ṣe ohun tó bá ṣáà ti wù ú. Dáfídì tó lọ sójú ogun yẹn, ó kọ́kọ́ fi àgùntàn síkàáwọ́ olùṣọ́ kó tó kúrò nílé. Ọmọ mi ní láti mọ ìṣirò, dandan ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: ọmọ tó ń kọ ọjọ́, tó ń ka ẹyin, tó ń wo iye tó pa nínú iye tó wà lábẹ́ adìyẹ, kí ló ń ṣe bí kì í bá ṣe ìṣirò? Nínú ìwé ìṣirò ló kúkú kọ ọ́ sí. Ó bá mi lójijì ní kíṣìnnì lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀fọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọmọ tí kò tíì fi nǹkan kan hàn, ẹ má fi túláàsì wá ẹ̀bùn nínú rẹ̀. Mo ti rí òbí tó gba olùkọ́ dùùrù, olùkọ́ bọ́ọ̀lù àti olùkọ́ kọ̀ǹpútà fún ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan náà, kí ọmọ tiwọn náà lè ní tálẹ́ńtì. Ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù ni ìyẹn pẹ̀lú, wọ́n kàn fi àwọ̀ mèremère kùn ún ni.

Mi ò kọ àdúrà sísàlẹ̀ lónìí. Ẹ dìde, ẹ lọ síbi tí ọmọ yín ń sùn sí. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kí ẹ dúpẹ́ fún nǹkan kan pàtó tí ẹ rí i tó ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Kì í ṣe “Olúwa, o ṣeun fún ọmọ yìí” o. Ìyẹn ti gbòòrò jù. Nǹkan kan péré. Bí ẹ kò bá rí nǹkan sọ, ẹ má bínú síra yín, ẹ ṣáà dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí ẹ máa wò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ jí i. Omi ìwẹ̀ ti ń hó.