Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ṣe dára tó, kó má tíì bi ará ọjà léèrè. Kó kọ́kọ́ yà sílé onítọ̀hún. Ìtayọ tí aya kò rí, tí ọmọ kò mọ̀, tí ìyá arúgbó kò jẹ nínú rẹ̀, ariwo ọjà lásán ni.

Ní Bassila àti Manigri, ní ẹkùn Donga lórílẹ̀-èdè Benin, kò sẹ́ni tó lè pe àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀lẹ. Iṣu ń bẹ lóko. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, tọmọdé tàgbà ní í wà nídìí igi. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ti lọ sí Kútọnu, àwọn mìíràn ti sọdá sí Nàìjíríà, owó sì ń wálé lórí fóònù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kì í jókòó ti aláìsàn, kì í kọ́ ọmọ níwà, kì í bi bàbá àgbà bó ṣe sùn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa onígbàgbọ́ gan-an, nítorí orúkọ Ọlọ́run la fi ń ṣe àwáwí tiwa. Ìpàdé àdúrà lónìí, ìdánrawò akọrin lọ́la, ìṣọ́ òru lọ́túnla. Nínú Máàkù orí 7, Jésù bá àwọn tó ń fi ọrẹ Ọlọ́run bojú wí, àwọn tí kò jẹ́ kí ohun tó tọ́ sí bàbá àti ìyá wọn dé ọwọ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀, lórí àgbélébùú, kò gbàgbé ìyá rẹ̀: ó fà á lé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan lọ́wọ́.

Ẹ wo àlùfáà Samuel Ajayi Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ọdún 25 kọjá kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, ní 1846. Ìwàásù àti ìtumọ̀ Bíbélì kún ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1848, ìyá náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi níbẹ̀, ó sì gba orúkọ Hánà. Ẹni tí ogun já gbà lọ́wọ́ ìyá mọ iyì ìjókòó tìyá-tọmọ. Àwa tí ogun kò kó, kí ni àwáwí wa?

Níbi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti rinlẹ̀ bí i ti Bassila àti Manigri, bí onígbàgbọ́ ṣe ń ṣe sí ẹbí rẹ̀ ni ìwàásù tí ará ilé kọ́kọ́ ń gbọ́.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu; ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò ráyè fún, ṣé yóò ráyè fún wa? Ẹ̀yin ará, ẹ ya ìrọ̀lẹ́ sọ́tọ̀ fún ilé yín. Ẹ bá àwọn ọmọ jẹun, ẹ bá wọn gbàdúrà. Ẹni tó wà lókèèrè, kó má fi owó ránṣẹ́ láìpe ìyá rẹ̀. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ kò lè jẹ́rìí rere sí, kò tíì ta yọ.